Kí ló dé tí kíbọ́ọ̀dù òde òní kò lè kọ orin tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ bí a ṣe mọ̀ ọ́n?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, ní Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà tí mo wà ní ọmọdé, ilé ará àdúgbò wa kan ni a ti máa ń wo tẹlifíṣọ̀n, àwọn orin kékeré tó ń ṣí ètò kò sì kúrò létí mi títí di òní. Ọmọ ọmọ mi tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù ní ìjọ wa gbìyànjú láti tẹ díẹ̀ nínú wọn fún mi. Kò ṣìnà nínú orin náà, síbẹ̀ kò dùn bí i ti àtijọ́ rárá. Ṣé etí mi ló ti darúgbó ni, àbí nǹkan kan wà nínú irinṣẹ́ ìgbà náà tí kò sí mọ́? Ṣé ọ̀nà wà tí a fi lè rí ohùn yẹn padà?

Ìdáhùn:

Ẹ kú ìdúró, Mà, ẹ sì kú ìtọ́jú ọmọ ọmọ. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà já sí: ọmọ yín kò ṣì í tẹ̀, etí yín kò sì tàn yín jẹ. Lóòótọ́, bí ọjọ́ orí bá ṣe ń pọ̀ sí i ni etí gbogbo wa ń pàdánù àwọn ohùn tó tín-ín-rín jù lọ, ṣùgbọ́n irú ohùn bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ nínú ohun tí tẹlifíṣọ̀n ayé ìgbà náà lè gbé jáde, nítorí náà ẹ kò pàdánù púpọ̀. Ìyàtọ̀ tí ẹ gbọ́ wà nínú irinṣẹ́ gan-an, a sì lè ṣàlàyé rẹ̀. Èyí tó kù, tí irinṣẹ́ kò lè dá ṣàlàyé, n óò mẹ́nu bà á lẹ́yìn náà.

A ní láti kọ́kọ́ ya àwọn orin náà sọ́tọ̀ síra wọn, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń pe gbogbo orin tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ ní orin kíbọ́ọ̀dù, bẹ́ẹ̀ kọ́ ló rí. Láti ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959 tí WNTV ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn, àdàlù ni ohun tí àwọn tó ń wo tẹlifíṣọ̀n ní agbègbè wa ń gbọ́ kí ètò tó bẹ̀rẹ̀: ìlù àti orin àwọn ẹgbẹ́ eléré Yorùbá, gìtá, fèrè, àwọn ẹgbẹ́ olórin ńlá tí a gbà sílẹ̀ lókè òkun, àti ẹ̀rọ. Ètò Cock Crow at Dawn tí NTA ń gbé jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ohùn Bongos Ikwue ni gbogbo ènìyàn fi rántí orin rẹ̀. Bí ọmọ yín bá tẹ irú ìyẹn lórí kíbọ́ọ̀dù tí kò sì dùn, kò yẹ kó yà wá lẹ́nu, nítorí pé kò sí bọ́tìnnì tó lè di ọ̀nà ọ̀fun ènìyàn. Èyí tí mo fẹ́ dáhùn ni irú orin kejì, èyí tí a kò lè sọ pé fèrè ni tàbí gòjé, tó dà bí ẹni pé láti inú wáyà ni ó ti wá.

Lára irú orin wọ̀nyẹn, èyí tó lókìkí jù lọ kò ní synthesizer kankan nínú, ìyẹn ẹ̀rọ orin tó ń fi iná mànàmáná dá ohùn fúnra rẹ̀. Orin ètò Doctor Who ti BBC ni mo ń sọ, tí wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde ní ọjọ́ 23 oṣù Kọkànlá ọdún 1963. Ron Grainer ló kọ orin náà sórí ìwé, ṣùgbọ́n Delia Derbyshire ló sọ ọ́ di ohun tí etí ń gbọ́, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Dick Mills, ní Radiophonic Workshop, ẹ̀ka kan tí BBC dá sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1958 fún ṣíṣe ohùn àràmàǹdà fún eré orí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n. Irinṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ wọn kò ju oscillator lọ, ìyẹn ẹ̀rọ tí àwọn ẹnjiníà fi ń dán wáyà àti sípíkà wò, àti okùn kan tí wọ́n fi ìka ta, àti ariwo ṣììì tí wọ́n sẹ́, àti téèpù. Ohùn kọ̀ọ̀kan ni wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́tọ̀, tí wọ́n yára rẹ̀ tàbí tí wọ́n fà á falẹ̀ títí ó fi dé ibi tí wọ́n fẹ́, tí wọ́n wá fi abẹ gé téèpù náà, tí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ èyí tó tẹ̀ lé e. Gígùn téèpù ni gígùn ohùn: bí téèpù bá ń sáré 38 sẹ̀ǹtímítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ohùn tí yóò gba ìdajì ìṣẹ́jú àáyá gbọ́dọ̀ jẹ́ téèpù 19 sẹ̀ǹtímítà. Kò sí ẹ̀rọ tó lè gba oríṣiríṣi ohùn pọ̀ sójú téèpù kan fún wọn nígbà náà, nítorí náà wọ́n ní láti fi ọwọ́ tan ẹ̀rọ téèpù mélòó kan lẹ́ẹ̀kan náà kí gbogbo rẹ̀ lè jọ rìn.

Mo dúró pẹ́ lórí èyí nítorí pé ó kàn yín tààrà, Mà. Ẹ ó rántí pé kí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tó ṣí ní ìrọ̀lẹ́, àwọn ọ̀pá aláwọ̀ tàbí àwòrán kan máa ń dúró gbagidi lójú ẹ̀rọ, ohùn kan yóò sì máa dún tùùùù láìdánudúró. Oscillator ni ohùn yẹn. Bó ṣe wọ́pọ̀, ìgbọ̀nrìrì rẹ̀ máa ń jẹ́ 1,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, àwọn ẹnjiníà sì ń fi í wọn bí ohùn ṣe lágbára tó lórí wáyà wọn. Irú ohùn gbígbẹ bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tí Derbyshire mú, tó gé, tó tẹ̀, tó sì fi ṣe orin. Nígbà tí ẹ jókòó sórí ẹní ní ilé ará àdúgbò yín, tí ẹ ń retí kí ètò bẹ̀rẹ̀, ẹ ti ń gbọ́ ohun èlò orin náà kí orin tó dé. Ní tèmi, ìdí kan nìyí tí orin ẹ̀rọ kò fi ṣàjèjì sí àwọn ọmọ ìgbà yẹn bí àwọn àgbà ṣe rò pé yóò ṣe.

Ó sì bà mí nínú jẹ́ pé òfin BBC kò fàyè gba Derbyshire láti pín nínú owó orin náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Grainer fúnra rẹ̀ fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọdún 2001 ló kú, ọdún 2013 ni orúkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ hàn lójú tẹlifíṣọ̀n lára àwọn tó ṣe orin ètò náà. Ọdún 2013 yìí kan náà ni BBC kéde pé wọ́n ti rí apá 9 nínú ètò náà tó ti sọnù láti àwọn ọdún 1960. Jos, ní orílẹ̀-èdè wa níbí, ni wọ́n ti rí àwọn fíìmù náà, nínú yàrá ìkẹ́rùsí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan. Àwọn tó ni ín ti pa tiwọn rẹ́ kí wọ́n lè tún téèpù lò. Àwa tí wọ́n tà á fún ni ó ṣẹ́kù sí lọ́wọ́. Ẹni tó bá ń sọ pé a kì í tọ́jú nǹkan ní Nàìjíríà, ẹ bá mi sọ èyí fún un.

Synthesizer tòótọ́ dé ní àárín àwọn ọdún 1960. Robert Moog, ẹnjiníà kan ní ìpínlẹ̀ New York, bá olórin tó ń jẹ́ Herbert Deutsch ṣiṣẹ́ pọ̀ ní ọdún 1964 láti ṣe ẹ̀rọ tí fóltéèjì yóò máa darí ohùn inú rẹ̀. Ní àkókò kan náà, Don Buchla ń ṣe tirẹ̀ ní San Francisco, ṣùgbọ́n Buchla kò fẹ́ bọ́tìnnì píánò lórí ẹ̀rọ rẹ̀ rárá, ó gbà pé ohun èlò tuntun kò gbọ́dọ̀ jogún ìwà èyí tó ti wà. Moog gba bọ́tìnnì píánò láyè. Ní ojú tèmi, Buchla ló ní èrò tó jinlẹ̀ jù, ṣùgbọ́n Moog ló jẹ́ kí ẹni tó ti mọ dùùrù tẹ̀ lè jókòó kó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ìyẹn ló sì gbé e dé ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Ní 1968, Wendy Carlos fi ẹ̀rọ Moog tẹ orin Bach, ohùn kan lẹ́yìn òmíràn, rẹ́kọ́ọ̀dù náà sì tà débi pé kò sẹ́ni tó lè pe ẹ̀rọ náà ní ohun ìṣeré mọ́. Ní 1969, ilé iṣẹ́ EMS ní Lọ́ńdọ̀nù gbé synthesizer tirẹ̀ tó ń jẹ́ VCS3 jáde. Ní 1970, Minimoog dé, tó ní bọ́tìnnì 44, tó ṣeé gbé lọ́wọ́, tí kò sì gba odindi ògiri bí àwọn aṣíwájú rẹ̀.

Bí ẹ̀rọ wọ̀nyí ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le. Oscillator ń bí ohùn kan tó le, tó kún, tó dà bí ariwo kòkòrò. Bọ́tìnnì tí ènìyàn tẹ̀ kì í lu okùn kankan. Fóltéèjì ló ń rán lọ, bí fóltéèjì bá sì fi ẹyọ kan lọ sókè, ìgbọ̀nrìrì ohùn yóò di ìlọ́po méjì, ìyẹn ọ́kítéèfù kan. Lẹ́yìn èyí ni ohùn náà yóò gba inú asẹ́ kọjá, èyí tí olórin lè ṣí tàbí kó pa dé, kí ohùn mọ́lẹ̀ tàbí kó ṣókùnkùn. Ẹ̀ka kẹta ló ń pinnu bí ohùn yóò ṣe wọlé àti bí yóò ṣe jáde: ṣé yóò bú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, àbí yóò máa wú díẹ̀díẹ̀. Ìró *wáà* tó máa ń parí ọ̀pọ̀ orin ètò ìgbà náà, asẹ́ ló ń ṣí tó sì ń padà pa dé.

Ibi tí ìdáhùn yín wà nìyí. Àwọn oscillator àtijọ́ kì í dúró lójú kan. Tiransísítọ̀ inú wọn ń gbọ́ ooru. Bí yàrá bá gbóná, ohùn á yẹ̀ díẹ̀, bí ó bá tutù, á tún yẹ̀. Àwọn olórin ní láti tan ẹ̀rọ sílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ kó lè móoru dáadáa kí wọ́n tó tún ohùn rẹ̀ ṣe, ẹ sì lè fojú inú wo ohun tí oòrùn oṣù Kẹta ní Ògbómọ̀ṣọ́ ì bá fi ojú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ rí. Minimoog ní oscillator mẹ́ta, gbogbo wọn ń kọ orin kan náà lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n wọn kì í bára wọn dọ́gba pátápátá. Bí ọ̀kan bá ń gbọ̀n ní ìgbà 440 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí èkejì ń gbọ̀n ní ìgbà 441, etí yóò gbọ́ kí ohùn máa wú kó sì máa fà sẹ́yìn ní ẹ̀ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Bí ìyàtọ̀ náà ṣe ń yí padà ni wíwú náà ń yí padà, nítorí náà kò sí ohùn méjì tó jọra. Ohun tí ẹ̀yin ń pè ní dídùn àtijọ́, èyí ló pọ̀ jù nínú rẹ̀: àwọn ohùn tó fẹ́ràn ara wọn ṣùgbọ́n tí wọn kò fohùn ṣọ̀kan tán.

Kíbọ́ọ̀dù tó wà ní ọ̀pọ̀ ìjọ wa lónìí yàtọ̀ pátápátá. Mo ń tún irú wọn ṣe, mo sì mọ inú wọn. Ohùn tí a ti gbà sílẹ̀ ni ó wà nínú wọn, kọ̀ǹpútà kékeré kan ló sì ń gbé e jáde. Ẹ tẹ bọ́tìnnì kan nígbà ọgọ́rùn-ún pẹ̀lú agbára kan náà, ọgọ́rùn-ún ohùn tó jọra bí ìbejì ni ẹ ó gbọ́. Ọmọ yín tẹ orin tó tọ́, ṣùgbọ́n ohun tó wà lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kò ní bó ṣe lè yẹ̀.

Ìyípadà yìí ní ọdún tí a lè tọ́ka sí. Ní 1967, John Chowning ní Yunifásítì Stanford ṣàwárí pé bí ìgbọ̀nrìrì ohùn kan bá ń ti ti òmíràn síwá sẹ́yìn ní kíákíá, ohùn tuntun tó ṣòro láti rí lọ́nà mìíràn yóò jáde. Yamaha ra ẹ̀tọ́ sí i, ní 1983 sì ni DX7 dé ọjà, ẹ̀rọ tí kò bẹ̀rù ooru tí kì í sì yẹ̀. Bí orin tí ẹ rántí bá ń dún bí agogo tàbí bí ìgbà tí ṣíbí kan gíláàsì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe lẹ́yìn 1983. Bí ó bá nípọn, tó ń fì, tí ohùn kan ṣoṣo sì ń gbé orin náà láìsí ìkẹ́gbẹ́, ó ṣeé ṣe kó ṣáájú. Nígbà tí orin ètò Miami Vice tí Jan Hammer ṣe gba ipò kìíní láàárín àwọn orin tó ń tà jù lọ ní Amẹ́ríkà ní ìparí 1985, ilé iṣẹ́ ńlá kò pọn dandan fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹnì kan lè ṣe gbogbo rẹ̀ nínú ilé ara rẹ̀.

Àpótí tẹlifíṣọ̀n náà kó ipa tirẹ̀. Sípíkà kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀, kékeré ni, ẹ̀gbẹ́ àpótí ló sì wà lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe iwájú. Kò lè gbé ohùn tó wúwo, kò sì lè gbé èyí tó tín-ín-rín jù. Àwọn tó ń ṣe orin ètò mọ èyí, wọ́n sì ń kó gbogbo ẹwà orin sí àárín. Ọmọ yín so kíbọ́ọ̀dù mọ́ sípíkà ìjọ tó tóbi ju àpótí aṣọ lọ, ohùn náà wá ní ìsàlẹ̀ àti òkè tí ẹ kò gbọ́ rí. Àfikún yẹn gan-an wà lára ohun tó bà á jẹ́.

Nípa ti etí àwa Yorùbá, èrò tèmi ni mo fẹ́ sọ. Minimoog ní ohun kan tí píánò kò ní: ó lè rìn láti orí ohùn kan dé orí òmíràn láìfò, bí ìgbà tí onílù fún ọṣán ìyáàlù mọ́ ìhà tí ohùn ìsàlẹ̀ sì gun òkè lọ. Etí tó ti gbọ́ oríkì lórí dùndún láti kékeré á máa wá ọ̀rọ̀ nínú ohùn tó bá ń rìn bẹ́ẹ̀. Mo gbà pé ohun tó ń mú àwọn ọmọ wa máa fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sí abẹ́ orin ètò tí kò ní ọ̀rọ̀ nìyẹn, tí wọ́n á fi kókó ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ wá gbólóhùn tó bá a mu, ìgbà mìíràn èyí tí kò yẹ kí olùkọ́ gbọ́. Orin tó ti gba ọ̀rọ̀ kò rọrùn láti gbàgbé mọ́. Àwọn olórin tiwa náà rí ìbátan yìí: nínú àwọn rẹ́kọ́ọ̀dù tí Sunny Adé ṣe fún ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù Island ní 1982 àti 1983, synthesizer àti gàngàn jọ wà níbẹ̀ láìsí ìjà, ní Enugu sì ni William Onyeabor ti ń fi synthesizer ṣe odindi rẹ́kọ́ọ̀dù láti ìparí àwọn ọdún 1970, èyí tí àwọn ará òkè òkun ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń fi ariwo kó jọ ní 2013.

Ní ti ìdí tí ó fi ń gbọ̀n yín lọ́kàn, àwọn tó ń ṣèwádìí nípa ìrántí ti rí i léraléra pé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ènìyàn láàárín nǹkan bí ọmọ ọdún 10 sí 30 ni ó máa ń rántí jù nígbà àgbà, orin sì wà lára rẹ̀. Ẹ fi ti àtúnwí kún un. Ètò ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ tó ń kọ orin rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ní ìparí yóò kọ ọ́ ní ìgbà 104 láàárín ọdún kan, ní wákàtí kan náà, pẹ̀lú àwọn ènìyàn kan náà nínú yàrá. Kò sí orin inú rédíò tó rí irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Àwọn tó jókòó tì yín wà nínú orin náà, n kò sì ní irinṣẹ́ tí mo lè fi tún ìyẹn ṣe.

Èyí tó ṣeé ṣe ni kí ọmọ yín wá ohùn tó sún mọ́ ọn. Kò gbọdọ̀ lo ohùn píánò tàbí ti ẹgbẹ́ olórin. Kó wá ibi tí kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ kọ *synth lead* sí, kó yọ gbogbo àfikún tó ń mú ohùn dà bí èyí tó wà nínú gbọ̀ngàn, kó sì máa tẹ bọ́tìnnì kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan. Bí kíbọ́ọ̀dù náà bá fàyè gbà á, kó da ohùn méjì pọ̀, kó yẹ ọ̀kan díẹ̀ kúrò lójú èkejì, kó wá ibi tí wọ́n kọ *portamento* sí, ìyẹn ìrìn ohùn láìfò tí mo sọ lókè, kó sì tan án. Bí ó bá ní kọ̀ǹpútà, ọ̀fẹ́ ni VCV Rack, ètò orí kọ̀ǹpútà kan tó ń ṣe bí ẹ̀rọ Moog àti Buchla ìgbà náà, pẹ̀lú wáyà tí ènìyàn ń fà kiri lójú rẹ̀. Yóò kọ́kọ́ da orí rẹ̀ rú, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni yóò ti mọ ohun tí mo ti ń ṣàlàyé láti òkè. Kó wá gbé gbogbo rẹ̀ jáde láti inú sípíkà kékeré kan, rédíò àtijọ́ tó ní ihò wáyà lẹ́yìn yóò dára gan-an. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rọ̀ yín láti ra ojúlówó Minimoog àtijọ́. Owó rẹ̀ ga jù, àwọn tó lè tún un ṣe kò wọ́pọ̀, iná wa tó ń lọ tó ń bọ̀ kò sì ní jẹ́ kó pẹ́.

Bí ó bá sì jẹ́ pé ẹnì kan ní ìdílé yín tàbí ní àdúgbò gba orin ètò sórí kásẹ́ẹ̀tì nígbà náà, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe máa ń gbé rédíò onítéèpù síwájú tẹlifíṣọ̀n, ẹ wá a kí ẹ tó ra ohunkóhun. Ẹ má kàn sọ ọ́ sínú ẹ̀rọ. Ẹ kọ́kọ́ wo téèpù inú rẹ̀ ní ìmọ́lẹ̀: bí ẹ bá rí funfun bí èbu lára rẹ̀, ẹ má fi sínú ẹ̀rọ kankan, ẹ gbé e fún ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń nu ún. Bí ó bá mọ́, ẹ yí i síwájú dé òpin, kí ẹ yí i padà, kó lè tú ara rẹ̀, lẹ́yìn náà kí ọmọ yín fi wáyà so ẹ̀rọ náà mọ́ kọ̀ǹpútà kó sì gbà á sílẹ̀ ní ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, nítorí pé ìgbà àkọ́kọ́ yẹn lè jẹ́ ìgbà kan ṣoṣo tí téèpù náà ṣì lè fara dà.